Ọkọ̀ tí Ọdẹ́wùmí Yóò Lè Sùn Nínú Rẹ̀

Àwọn tó mọ Ọmọ́bọ́lá ní Ṣakí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọjà títà, wọn kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ aṣọ rírán. Ọkọ̀ wíwà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Òun ló ń wa mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà Ìgbòho tàbí ti Òkèhò tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún un. Ó máa ń wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn. Kò yára rí, kò sì já sí kòtò rí.

Ọdẹ ni Ọdẹ́wùmí ọkọ rẹ̀. Ọ̀tún ni lẹ́gbẹ́ ọdẹ, ìyẹn ni pé Olúọdẹ nìkan ló jù ú lọ. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn ọdẹ a lọ pàgọ́ sínú igbó kan lẹ́yìn Komu. Wọn a dáná, wọn a sùn síbẹ̀, ilẹ̀ a mọ́ bá wọn. Òfin kan wà tí wọn kì í tẹ̀ lójú: olóyè tó bá pa oorun igbó yìí jẹ fún ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, oyè ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kadà ló gbá Ọdẹ́wùmí ní Ìgbòho, tí egungun itan rẹ̀ fi ṣẹ́. Ó jinná, ṣùgbọ́n bó bá dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, kò lè dá dìde mọ́. Ọdún kìíní kọjá, kò lọ. Èkejì náà kọjá. Ládòkun, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ni oyè náà kàn, kò sì fi bò.

“Ọ̀tún, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu,” ló wí nígbà tó wá kí i. “Jókòó sílé, kí o máa jẹ ẹran tí a bá pa. Èmi á máa bá ọ dé fìlà oyè náà.”

“Ládòkun, orí rẹ kéré sí fìlà náà.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ládòkun lọ tán, Ọmọ́bọ́lá rí i pé ọkọ òun kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ìmọ́lẹ̀, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, ti fi àwòrán ránṣẹ́ rí lórí fóònù: oríṣiríṣi ọkọ̀ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń wà lọ sígbó, tí wọ́n sì ń sùn nínú rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá wá àwòrán náà jáde, ó wò ó títí. Lọ́jọ́ kejì, ó gba Ìṣẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ Jímọ̀, tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀.

Èyí tó tóbi jù ni Jímọ̀ kọ́kọ́ fi hàn án, odidi ilé tó ní balùwẹ̀ àti kọ́tìnnì.

“Màmá, ààfin rèé! Kábíyèsí gan-an á jowú yín.”

Ọmọ́bọ́lá yí i po, ó wo òkè rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. “Ṣé o mọ ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn Komu?”

“Rárá, Màmá.”

“Ẹ̀ka igi irúgbá ló dí ojú ọ̀nà náà. Òrùlé ààfin rẹ ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Yanrìn odò á wá mú ìyókù.”

Jímọ̀ mú un lọ síbi jíìpù kan tí wọ́n di àgọ́ aṣọ sí lórí. Àkàbà ni wọ́n fi ń gun àgọ́ náà.

“Ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́ lo fẹ́ kó gun àkàbà?”

“Háà, Màmá, ẹ ṣe mí jẹ́jẹ́.”

Ẹ̀kẹta ni ilé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fà. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì dé ìwọ̀n orúnkún. Ọmọ́bọ́lá ti fa jẹnẹrétọ̀ onítáyà rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò bẹ̀rù ohun tó ń tọ ọkọ̀ lẹ́yìn. Èyí wù ú. Síbẹ̀, kì í ra bàtà láìwọ̀ ọ́ wò. Ó padà lọ mú ọkọ rẹ̀ wá.

“Ẹ dùbúlẹ̀, Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Ẹ sùn díẹ̀ ká wò ó.”

Ọdẹ́wùmí dùbúlẹ̀. Jímọ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kàn ń wo àjà; ojú rẹ̀ kò pa dé. Nígbà tó yá, ó di ògiri mú, ó dìde, ó bọ́ síta.

“Ṣé fóòmù ló le ni?”

“Fóòmù dáa.”

“Ṣé ooru ni?”

“Kò sí ooru. Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ló ní.”

“Mélòó lẹ fẹ́?”

“Bí nǹkan bá gba ibẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá, ibo ni mo máa gbà jáde? Bàbá mi kò sùn síbi ẹlẹ́nu-ọ̀nà kan rí. Èmi náà kò sùn síbẹ̀ rí.”

Jímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, kìnnìún wo ló kù ní Komu?”

“Èmi mọ̀ pé kò sí. Oorun mi ni kò mọ̀.”

Ọmọ́bọ́lá rọra jókòó sórí táyà kan. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkùnrin náà ń sùn, láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó rò pé ooru ló ń lé e jáde ní yàrá. Ó tilẹ̀ ra fáànù sí yàrá náà nítorí rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá nìkan ni fáànù ń fẹ́ fún.

“Ẹsẹ̀ yín ni mo ń wá ọkọ̀ fún,” ló wí. “N kò wá a fún oorun yín.”

Ó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọgbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kan, ó rí bọ́ọ̀sì akérò àtijọ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì kan tà. Ó fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ti ẹ̀yìn sókè. Atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdẹ́wùmí wọlé, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún.

“Èyí ni.”

“Màmá, bọ́ọ̀sì lásán nìyẹn!” Jímọ̀ figbe ta. “Kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀!”

“A ó fi sí i.”

Ó ní kí wọ́n tú àga kúrò. Wẹ́dà kan ní Ṣakí jó bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ó jó irin ìdìmú sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe àtẹ̀gùn kékeré sí i. Ọmọ́bọ́lá mú kó tú irin ìdìmú náà, kó tún un jó, nítorí ọwọ́ òsì ló wà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni Ọdẹ́wùmí fi ń dìde.

Ọyẹ́ dé. Ọmọ́bọ́lá fúnra rẹ̀ ló wà á gba abẹ́ igi irúgbá, ó ré yanrìn odò kọjá, ó dé àgọ́ láì ha ara ọkọ̀. Ládòkun ló kọ́kọ́ rí wọn.

“Ẹ wá wò ó o! Ọ̀tún wọ bọ́ọ̀sì wá sígbó! Kọ̀ńdọ́ dà?”

“Wọlé,” Ọdẹ́wùmí dáhùn láti inú. “Àyè kan kù. Ìdúró ni, ṣá.”

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n Ládòkun yíjú sí Olúọdẹ, arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. “Baba, ilé tó ní táyà, ilé náà ni. Òfin ní ká sùn nígbó.”

“Kí ilẹ̀ mọ́,” ni Olúọdẹ wí. “A ó wò ó.”

Orí àga awakọ̀ ni Ọmọ́bọ́lá sùn, bí a bá lè pè é ní oorun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Olúọdẹ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, Ládòkun àti àwọn ọdẹ tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ bí Ọdẹ́wùmí ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ọyẹ́ ti da eruku bo kúbùsù rẹ̀, ewé gbígbẹ wà nínú irun rẹ̀, ó ń hanrun. Arúgbó náà wo igbó tó wà níwájú ilẹ̀kùn kejì. Ó nawọ́, ó mú ewé kan kúrò lórí ẹni tó ń sùn, ó gbé e sójú Ládòkun.

“Nínú ilé wo ni èyí ti ń já sórí èèyàn? Ọ̀tún sùn nígbó.”

Ariwo sọ, wọ́n yíjú síra wọn. Kí ariwo tó rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn.

“Ta ló ń pariwo?”

Ọdẹ́wùmí ló dúró níbẹ̀, ìbọn lọ́wọ́. Ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó ti yí ọkọ̀ po, ó ká gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ mọ́ ibi tí wọ́n kẹ́yìn sí i. Ariwo kejì tó sọ, ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ládòkun fúnra rẹ̀ ṣí fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú lápá kó má bàa ṣubú.

Nígbà tó yá, Ládòkun rìn wá sọ́dọ̀ Ọmọ́bọ́lá, ó fọwọ́ ti ìdí. “Ìyàwó wa, ibo lo ti rí ọkọ̀ yìí? Ilẹ̀ yìí ti ń le jù fún èmi náà.”

Ọmọ́bọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó láti òkè délẹ̀ bó ṣe wo ààfin Jímọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Báwo lẹ ṣe máa ń sùn?”