Ẹsẹ̀ Tí Ìyá Ọṣẹ Gbé Lọ fún Fadá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lórí kunkun, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, ẹ béèrè Ìyá Ọṣẹ. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le bí igi, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Alágbàfọ̀ ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fọ aṣọ ìbùsùn àwọn ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà ilé ìwé àwọn Sístà Kátólíìkì, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Aṣọ pẹpẹ nìkan ni kì í gba kọ́bọ̀ lé lórí. Ó ní ti Ọlọ́run nìyẹn, òun kì í bá Ọlọ́run ná ọjà. Yóò fọ̀ ọ́, yóò sè é, yóò lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán, yóò wá rọra ká a sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn.

Omi ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri ọgbà ilé ìwé náà, lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ẹnu rẹ̀ kọjú sí títì. Àwọn Sístà àgbà tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ kí àdúgbò lè máa rí omi pọn, àdúgbò sì ń pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sístà tuntun tó wá di ọ̀gá ilé ìwé dé, ó ní ẹnu ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ariwo garawa pọ̀ jù, kò sì yẹ kí àlejò tó wá wo ilé ìwé máa bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé. Ó ní kí wọ́n fi irin bo ẹ̀rọ náà, ó fi àgádágodo sí i, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìbàdí. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní ni, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ta ni yóò jìyà ìmọ́tótó náà.

Àdúgbò wá di ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, lójú ọ̀nà amọ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni ìyàwó káfíńtà, ará ilé kejì Ìyá Ọṣẹ, ti yọ̀ ṣubú tòun ti oyún àti garawa lórí. Oyún kò bàjẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń tiro. Ìyá Ọṣẹ gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Sístà.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí omi yẹn."

"Mama, a máa gbé e yẹ̀ wò."

"Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, tó bá wúwo."

Sístà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀. "Mama, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹ ṣì fẹ́ iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ wa, àbí?"

Oúnjẹ Ìyá Ọṣẹ ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà á yẹn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀, ó ń lọ sílé, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà lójú ọ̀nà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ tí Fadá máa ń fọ ẹsẹ̀ èèyàn méjìlá bí Jésù ti ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú ilé ìwé ló máa ń ṣa àwọn méjìlá náà jọ. Alága wọn, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, wá bá Ìyá Ọṣẹ nílé.

"Mama, ẹ kú oríire! A ti mú yín mọ́ àwọn aláìní tí Fadá máa fọ ẹsẹ̀ wọn."

"Ta ni aláìní?"

"Ẹ máa gba àpò ìrẹsì kan náà o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, Mama, kẹ́ ẹ fọ ẹsẹ̀ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó wá. Ẹni tó ń ya fọ́tò máa wà níbẹ̀."

Ìyá Ọṣẹ wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí n fọ ẹsẹ̀ mi, kí Fadá lè rí i fọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o, Mama."

"Omi dà?"

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ṣì ní ibòmíràn láti dé.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ náà pé, Ìyá Ọṣẹ lọ sódò láàárọ̀, ó ru garawa kan gòkè pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó. Omi náà ló fi ṣan aṣọ pẹpẹ tí wọn yóò tẹ́ fún ìsìn ọjọ́ náà, òun náà ló fi ṣan táwẹ̀lì tí Fadá yóò fi nu ẹsẹ̀. Omi tán. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: ẹrẹ̀ odò ti gùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ti gbẹ. Ì bá tọrọ ife omi kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó fi àáké kọ́rí. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bọ bàtà, ó kan ilẹ̀kùn ìyàwó káfíńtà.

"Ẹ gbé garawa yín lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ sọ fáwọn tó kù."

"Ìyá, kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ fọ ẹsẹ̀ mi."

Ilé ìjọsìn kún fọ́fọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lápá kan, òbí lápá kejì. Àpò ìrẹsì wà lábẹ́ àga ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjìlá. Fadá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ pé ìsìn nìkan ló ń gbé e wá sí ilé ìwé náà, kúnlẹ̀, ó ń lọ láti orí ẹnì kan sí èkejì. Kátíkíìsì, ẹni tó ń ran Fadá lọ́wọ́ nínú ìsìn, ń da omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹsẹ̀ láti inú jọ́ọ̀gì, Fadá ń nù ún. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ti mọ́ láti ilé, òmíràn tilẹ̀ ń dán fún òróró. Ìyá Ọṣẹ ló kẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alága ẹgbẹ́ aláàánú di ojú. Omi kán sórí ẹrẹ̀ náà, Fadá nù ún, táwẹ̀lì funfun pọ́n rúsúrúsú.

"Fadá, kò tíì mọ́," ni Ìyá Ọṣẹ wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ dà á sí i," ni Fadá sọ fún kátíkíìsì.

"Omi ti tán, Fadá."

"Ẹ lọ bù sí i."

Kátíkíìsì kò kúrò lójú kan. "Ẹ̀rọ ẹ̀yìn yìí la ti ń bu omi ìsìn, Fadá. Sístà ló ń bá wa ṣí i. Ó wà ní títì."

"Fún kí ni?"

Gbogbo ojú ti wà ní ìbàdí Sístà. Sístà sáré wá, ó bẹ̀rẹ̀ sétí Ìyá Ọṣẹ. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ìsìn ná."

"Ẹsẹ̀ mi ló wà nínú bàsíà, Sístà. Èmi gan-an fẹ́ kó parí. Wọ́n ti ti ẹ̀rọ àdúgbò pa, Fadá. Odò là ń lọ, ibẹ̀ sì ni ẹrẹ̀ yìí ti wá. Sístà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ mi nítorí ẹ̀, ẹ gbà á. Mo ti sọ ọ́."

Ẹ̀rín dá. Fadá ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ó yíjú sókè. "Sístà, ẹ bá wọn lọ ṣí i."

Wọ́n gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé: àgádágodo ṣí, omi tú yàà, lẹ́yìn náà garawa, garawa, àti ohùn àwọn obìnrin. Nígbà tí kátíkíìsì padà dé, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún. "Fadá, èrò pọ̀ níbẹ̀ o."

Fadá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún náà gidi, ó fi ìka ha àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó bu omi sí i títí awọ fi hàn. Omi lé sójú Ìyá Ọṣẹ, inú sì bí i pé ó lé. Kò sẹ́ni tó fọ ẹsẹ̀ fún un rí láti kékeré.

Nígbà tí Fadá na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ òsì, Ìyá Ọṣẹ fà á sẹ́yìn, ó dá a padà sínú bàtà tòun tẹrẹ̀. Ó dìde. Kò wo àpò ìrẹsì abẹ́ àga rẹ̀. Sístà ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, àgádágodo ní ọwọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ní ọwọ́ kejì, kò mọ èyí tí yóò fi pa mọ́.

"Mama," ni Fadá pè é, "ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Mo ń tọ́jú ẹ̀ ni, Fadá. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ti omi yẹn pa, màá gbé e wá fún yín."