Ọfà Tó Wà Léjìká Dinah

Kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà í taìpù ní ọ́fíìsì wọn ní Ìlaró bíi Dinah, ìyàwó Tíṣà Micah. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èjìká ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń dùn ún, ó gun ọrùn, ó di pé kò lè yíjú wẹ̀yìn mọ́. Ìyá Micah, tó wá láti Ìdógò wá bá wọn tọ́jú ọmọ, máa ń fi òrí ra á fún un lálaalẹ́. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Ni Dinah bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé àárín àwọn aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọwọ́ màmá náà ló ń ta òun lọ́fà. Kò jẹ oúnjẹ màmá mọ́. Nígbà tí màmá gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó padà sí Ìdógò.

Èjìká kò sàn. Micah fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Bánjí, ẹni tó ń tọ́jú iṣan níbẹ̀, lẹ wáyà mọ́ ọn léjìká, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan. Bí iṣan bá le, ẹ̀rọ náà á ké; bó bá dẹ̀, á dákẹ́. Ó ní kí Dinah máa taìpù bó ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Kò tíì parí ìlà kan tí igbe fi ta.

"Ẹ wo èjìká yín, mà," ni Bánjí wí. "Ẹ ti gbé e dé etí."

Dinah sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tún taìpù, ó tún gbé e sókè láìmọ̀, igbe tún dé. Bánjí ní ohun tí Dinah ń fi ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Inú Micah dùn. Dinah ní tirẹ̀ kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀. Ìtìjú bò ó.

Nígbà tí ẹ̀rọ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń dẹ èjìká, tí ara sì rọ̀ ọ́ díẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ìdógò, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dákun. Mo purọ́ mọ́ yín."

Màmá ní kó dìde. Ó béèrè ọmọ, ó wọlé lọ bu ẹ̀wà wá. Kó tó gbé abọ́ fún un, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu níṣojú Dinah, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Máa jẹun, ìyàwó mi," ni ó wí.