Káfíńtà Tó Ń Bínú Nítorí Jósẹ́fù

Káfíńtà ará Ọ̀yọ́ kan ni a jọ ń gbélé ní Onitsha lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó epo dé tí gbogbo ìlú ń kọ́lé. Bó bá ti ń fá pákó, ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù, ọkọ Màríà, ló máa ń bí i nínú.

“Àbúrò, nínú Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn ò kọ gbólóhùn kan tó ti ẹnu ẹ jáde! Ẹni tó tọ́ Jésù dàgbà! Wọ́n ní àwọn ìwé àtijọ́ kan sọ̀rọ̀ ẹ dáadáa, wọn ò sì jẹ́ kí ìyẹn wọ Bíbélì. Ṣé torí pé káfíńtà ni?”

Èmi a kàn rẹ́rìn-ín.

Òun ló ṣe àga tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ogun bà jẹ́. Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, ó wọ agbádá funfun, ó jókòó tì mí níwájú. Bí kọngílá olówó kan, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé, ṣe wọlé, ọkùnrin tó ń fi ìjókòó han èèyàn nawọ́ sí káfíńtà.

“Papa, abeg, go sidon for back.”

Báńkì ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Baba náà dìde, ó fi Ìgbò sọ ọ́ kí gbogbo ìjọ lè gbọ́: “Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe àga yìí! Ṣé èmi ló yẹ kó dìde níbẹ̀?”

Àwọn akọrin kàn gbé orin lé e lórí. Ó bá jáde.

Títí dòní, inú ṣì ń bí mi sí wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tí kọngílá dé ìdí àga wa, èmi ni mo sún fún un kó lè jókòó.