Èdè Tí Mo Lé Jáde Nílé Mi

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́ta, tí kò tíì sọ ju "ma" lọ. Bantè la wà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, mo ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà. Ará Ṣakí ni mí. Ọmọ Ìṣà láti Gouka ni ìyàwó mi. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ náà, á fa ṣòkòtò mi. Bí kò bá tètè yé mi, á máa forí sọlẹ̀.

Oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ pé èdè ló pọ̀ jù nílé mi: Yorùbá lẹ́nu bàbá, Ìṣà lẹ́nu ìyá, Faransé níta. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, torí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi. Mo délé, mo pàṣẹ pé Yorùbá nìkan la ó máa sọ. Mo ní ọmọ ò gbọdọ̀ lọ sí Gouka mọ́, nítorí ìyá ìyàwó mi ò gbọ́ ju Ìṣà lọ.

Ìyàwó mi wò mí. "Baálé mi, Yorùbá tèmi ò tó fi ṣàwàdà. Kí ni kí n máa bá ọmọ mi sọ?"

Mo ní yóò mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà.

Kò mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jù sí ọmọ: "Wá." "Jókòó." "Sùn." Kò sí ju ìyẹn lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọwọ́ líle ni mo fi mú tèmi. Kí òfin mi tó pé ọdún kan, "ma" pàápàá ò jáde lẹ́nu ọmọ mọ́. Ìyá ìyàwó mi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí a gbé ọmọ wá kí òun rí i. Mo ní ó di ìgbà tó bá sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà náà kú kó tó dìgbà náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú la gbé ọmọ lọ sí Savalou, sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó mọ ìtọ́jú ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀. Ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó bá a ṣeré pẹ́, ó wá bi ìyàwó mi pé èdè wo ló fi ń bá ọmọ ṣeré. Èmi ni ìyàwó mi ń wò. Ni mo bá ṣàlàyé òfin mi.

"Bàbá, èdè méjì kì í di ahọ́n ọmọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló yẹ kó máa gbọ́, ẹ wá lọ pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Bí a ṣe ń bọ̀ lórí alùpùpù, mo tọrọ àforíjì. Atẹ́gùn pọ̀, n kò mọ̀ bóyá ìyàwó mi gbọ́, n kò sì tún un sọ.

Ọmọ náà ti pé mẹ́sàn-án báyìí. Ó ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìnira, Ìṣà ju Yorùbá lọ. Àjèjì ò lè gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo ti sọ fún ìyàwó mi lọ́pọ̀ ìgbà pé òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Mo máa ń gbọ́ tí òun àtọmọ ń fi Ìṣà tàkúrọ̀sọ ní ìdí iná, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọjú, ìyàwó mi á kọjú sí mi, á sọ ní Yorùbá pé, "Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ yín ti délẹ̀." Àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ títí n óò fi jẹun tán.