Àtùpà Tó Kú Nínú Kànga

Òórùn amọ̀ tútù ni mo fi ń rántí ilé tí mo gbé ní Ṣógúnlé, amọ̀ inú kànga tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ewé tó ti jẹrà. Owó epo ti gba ìgboro nígbà yẹn, ilé ń hù bí olú kiri, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kì í yọjú sí àdúgbò wa. Ni lánlọ́ọ̀dù bá ní kí wọ́n ṣí kànga àtijọ́ kan tó ti wà ní bíbò láti ọdún mélòó kan, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Tíṣà ni mí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ẹnu mi sì mú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ rò nípa ayé: pé láti ara ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iná ni gbogbo nǹkan ti wá, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibùgbé tirẹ̀. Ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, omi lé e lórí, afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, iná wà lókè téńté. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi ju kí n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Bàbá agbẹ́kànga, ará Ìwó, kọ́kọ́ so àtùpà mọ́ okùn, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì dé ìdajì tó fi kú. Ó fà á sókè, ó tún un tàn, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún kú.

"Inú ẹ̀ ò dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣí i sílẹ̀ dọ̀la."

Ojú lánlọ́ọ̀dù le. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò pè sí i ni mo dá sí i. "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù. Òkè ni iná máa ń fẹ́ lọ. Ẹ fi tipátipá sọ ọ́ kalẹ̀ ló ṣe kú. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí tíṣà sọ?" ni lánlọ́ọ̀dù wí. "Ẹ wọ̀ ọ́, jàre."

Bàbá wò mí. Kò mọ̀wé, èmi mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló mú un so okùn mọ́ ìbàdí. Ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbẹ́ kànga di okùn mú. Bàbá ń kọrin bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, àfi bí orin ṣe dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, tí okùn sì le gan-an lójijì.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀ mọ́. Mo sáré di okùn mú, lánlọ́ọ̀dù náà dì í, à ń fà, okùn ń bó mi lọ́wọ́, mò ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn!" Ẹyin lohùn, tèmi sì ti balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń rò ni pé mo ti fi ẹnu ara mi pa baba ọlọ́mọ.

Nígbà tí a gbé e jáde, ojú rẹ̀ ti ṣú. A fẹ́ atẹ́gùn sí i, a gbọ̀n ọ́n, a da omi sí i lára. Ó pẹ́ gan-an kó tó húkọ́. Mo bú sẹ́kún. Ó lajú, ó fojú wá mi kàn.

"Tíṣà," ló wí jẹ́jẹ́, "ibi tí iná ò ti lè mí, èèyàn ò lè mí níbẹ̀."

Mi ò bínú sí àwọn Gíríìkì yẹn; ohun tí wọ́n rò ni wọ́n sọ, wọn ò sì sí ní Ṣógúnlé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo wà níbẹ̀, tí mo fojú ara mi rí àtùpà tó kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àpá okùn ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìgbàkígbà tí ẹnu bá ti ń yún mi láti sọ fún ẹlòmíì pé nǹkan kan ò léwu, mo máa ń wo àpá yẹn, màá sì kọ́kọ́ bi ẹni tó máa wọ kànga léèrè ohun tó ti rí.