Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mi Sùn ní Ring Road

Àkùkọ kò tíì kọ tí èmi àti Màmá mi fi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúnkún ọ̀tún wọn ti wú. Láti ọdún tó kọjá, orí àga ni wọ́n ń jókòó sí nínú ìjọ Aládùúrà wọn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá kúnlẹ̀, ìyẹn sì ń dùn wọ́n ju orúnkún náà lọ. Dókítà kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn, ló ń gbìyànjú ìtọ́jú tuntun kan. Yóò fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, yóò fi í sínú ẹ̀rọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú kí ẹ̀jẹ̀ náà lè pèsè ohun tó ń mú wíwú rọlẹ̀, yóò wá gún omi tó yọ lójú ẹ̀jẹ̀ náà padà sí orúnkún ẹni tó ni ín.

Nígbà tí a sọ̀ ní Òjóò, lẹ́nu ìwọ̀lú Ìbàdàn, mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Màmá ní ebi ò pa àwọn. Mo na omi sí wọn, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nílé wa, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ a máa kí èrò inú rẹ̀. Màmá kí àwọn tó wà nínú takisí tí a wọ̀ lọ sí Ring Road, kò sẹ́ni tó dáhùn. Awakọ̀ kàn ní, "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Nígbà tó gbọ́ ohun tí a ń lọ ṣe, ó rẹ́rìn-ín láti Àgbówó dé Bódìjà.

"Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà? Ṣé kí n wa iṣu lóko yín, kí n tún tà á fún yín nìyẹn?"

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì gún apá ọ̀tún Màmá láti fa ẹ̀jẹ̀, ó gún tòsì. Iṣan kọ̀, kò yọjú.

"Màmá, ṣé ẹ mu omi láàárọ̀ yìí?"

"Omi kẹ̀? Mo ń gbààwẹ̀ ni, kí iṣẹ́ yín lè yọrí."

Orí mi gbóná. "Màmá, ààwẹ̀ yẹn ló ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́!"

"Aago méjìlá ni mo máa ṣínu." Wọ́n dijú. Mo pòṣé títí ó fi sú mi. Ìgbà tí wọ́n ṣínu tán, tí wọ́n mu omi, ẹ̀jẹ̀ ń jáde wọ̀ọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ká padà wá gba abẹ́rẹ́ náà lọ́túnla. Màmá wo ìgò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀ títí. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Kò dá sùn n'Ìbàdàn rí."

Bí a ti délé nírọ̀lẹ́, Màmá di àga mú, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ìrìn àjò. Orúnkún kọ̀.

"Ẹ fi orúnkún yìí lọ́rùn sílẹ̀ ná!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀.

Omi lé ròrò lójú wọn. "Ó dáa. Ìwọ bá mi kúnlẹ̀, Àjọkẹ́."

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà fún nọ́ọ̀sì, fún awakọ̀ tí kò kí wa, fún ẹ̀jẹ̀ tó wà lájò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí n máa bèèrè bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀ ká tó wọkọ̀. Kí wọ́n tó ṣe àmín, orúnkún tèmi náà ti ń ro mí.