Mẹ́rin Nínú Ogún

Mo rántí òórùn ọ̀dà tuntun lára ògiri ilé-ìwé wa ní Lakowe, lọ́dún tí ìdánwò ọjọ́ Ẹtì bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni ni, lójú ọ̀nà oníyanrìn, lẹ́yìn ògiri gíga ẹ́sítéètì kan tí àwọn olówó ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọmọ bíríkìlà, ọmọ awakọ̀ àti ọmọ aṣọ́bodè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mádàámù tó dá a sílẹ̀ fẹ́ kí àwọn ará inú ẹ́sítéètì náà mú ọmọ tiwọn wá, Mádàámù sì gbà pé máàkì ni yóò fà wọ́n wọlé. Ni wọ́n bá gbé ìlànà tuntun kalẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò dáhùn ogún ìbéèrè. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn yóò lẹ èsì mọ́ géètì, kíláàsì tó bá gbẹ̀yìn àti orúkọ olùkọ́ rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ.

Èmi ni olùkọ́ kíláàsì karùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwa la gbẹ̀yìn. Mo rí àwọn ìyá ọmọ tí wọ́n ń nàka sí orúkọ mi ní géètì, bí ẹni ń wo olè. Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ, mo ṣẹ́ pàṣán mẹ́ta, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé ìbéèrè kan téèyàn bá kùnà, ẹgba kan ni.

Kò tó oṣù kan tá a fi di ẹni kejì lókè. Bí pàṣán bá kán, mo ń ṣẹ́ òmíràn. Àwọn ọmọ ń tọ̀ sára bí mo bá ti ń pín ìwé ìdánwò, mo sì ka ìyẹn sí ìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́. Mádàámù kò sọ fún mi rí pé kí n nà wọ́n. Wọn kò sì bi mí bí máàkì ṣe ń gòkè. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni èmi fi ń nà.

Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ bíríkìlà kan tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Bí ẹ bá bi í pé búlọ́ọ̀kù mélòó ni yóò kọ́ ògiri kan, yóò wo òkè díẹ̀, yóò sì dá yín lóhùn láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó ka ìbéèrè kan tán lórí ìwé, àsìkò ti lọ. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, bàbá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ẹ má wojú rẹ̀ o. Ẹ nà án kó lè mọ̀wé. Èmi ò rẹ́ni nà mí, ẹ ṣáà ń wo ibi tí mo wà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí omi òjò ti gba ojú ọ̀nà, ọmọ náà gba mẹ́rin nínú ogún. Mo ti ṣírò ó pé máàkì rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí kíláàsì wa dé ipò kìíní. Mo ti nà án ní ẹgba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ nígbà tó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ apá. Mo ní kó nawọ́ jáde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fẹnu bi mí, mo mọ̀ ọ́n."

N kò bi í. Mo ju pàṣán sílẹ̀, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Orí rẹ̀ lu igi fèrèsé, ó sì ṣubú sáàárín bẹ́ǹṣì. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan yọ nínú etí òsì rẹ̀, ó gba ọrùn wọnú kọ́là aṣọ rẹ̀. Kò sunkún. Àwọn tó kù ni wọ́n bú sẹ́kún, tí wọ́n ń fo fèrèsé jáde.

Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì kìíní gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ́lé. Ó wọlé láìwọ bàtà, sìmẹ́ǹtì ní ẹsẹ̀, òun àti ọkùnrin mẹ́ta. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fi orí kàn mí nímú, imú náà sì fọ́. Wọ́n wọ́ mi jáde sórí yanrìn, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá mi níhà, mo sì gbọ́ ìró egungun kan kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Mádàámù ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ra. Mo gbọ́ ohùn Mádàámù lójú fèrèsé.

"Èmi ò ní kó na ọmọ kankan o. N ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Bàbá ọmọ náà gbé ṣọ́bìrì sókè lórí mi. "Kí lọmọ mi ṣe?"

"Ó gba mẹ́rin nínú ogún." Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èsì gidi nìyẹn.

"Mẹ́rin," ló wí. Ó sọ ṣọ́bìrì náà sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ nà án." Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ń sáré lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní etí náà kò ní gbọ́ràn mọ́. Àwọn ọlọ́pàá mú mi, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ nígbà tí bàbá ọmọ ní òun kò pẹjọ́, n kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ìtìjú. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n lẹ èsì mọ́ géètì bí wọ́n ti ń ṣe. Kíláàsì mi ló ṣìkejì. Wọ́n ka mẹ́rin ọmọ náà mọ́ ọn.

Nígbà tí ìhà mi san díẹ̀, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ọmọ náà yọ lẹ́yìn rẹ̀, òwú létí, ó wò mí, ó sì padà wọlé.

Ajah ni mo ti ń kọ́ ọmọ báyìí. Ìdánwò ṣì wà, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é, èsì sì ń dé fóònù òbí kí ọmọ tó délé. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń bínú sí i, tí wọ́n ní ìka ò dọ́gba, pé ìlànà tó bá fi máàkì nìkan wọn olùkọ́ àti ọmọ yóò sọ wọ́n di ọ̀tá ara wọn, mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n n kì í lè bá wọn sọ ọ́ dópin. Obìnrin kan wà tó kọ́ kíláàsì kẹrin ní Lakowe nígbà yẹn. Ìdánwò kan náà la jọ ń ṣe. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi yíǹkì pupa kọ, kò sì gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ kankan rí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ kí sáà tó parí, ṣáájú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe jáde ní géètì, mo bá àwọn olùkọ́ yòókù fi í ṣẹ̀sín.